Mo Pe Bíà Ní Ẹyin Awó Fún Onílé Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi náà ni, ó sì tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ délẹ̀.

Ẹ máa pè mí ní Fọlárìn. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe ní Niamey níbí, ọdún kẹsàn-án rèé. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́. Mi ò fi yangàn o. Ká sòótọ́, mo fi ń yangàn díẹ̀, òun náà ló sì kó bá mi.

Nígbà tí èmi, Ọmọ́táyọ̀ ìyàwó mi àti Ìbùkún ọmọ wa ń wá ilé, Àlàájà Hàfísátù ló gbà wá sínú ọgbà wọn ní Lazaret. Opó ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ni wọ́n ń tà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, àwọn tí wọ́n jọ máa ń pé jọ ṣàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ti kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n má gba onígbàgbọ́ sílé, pé ọtí ò ní jìnnà sí i. Àlàájà dá wọn lóhùn pé, "Èmi ló dúró fún ọmọ yìí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pè mí.

"Fọlárìn, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọtí ò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà mi. Ọjọ́ tí mo bá rí i, ọjọ́ náà lẹ máa kó jáde. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ò ní rí i láéláé."

Nígbà tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni mo sọ.

Òyìnbó kan tí mo máa ń bá tún amúlétutù ṣe ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ń padà sílùú wọn, ó wá fún mi ní fíríìjì àtijọ́ kan pẹ̀lú àpótí dúdú kékeré kan. Ó ní òun fi ń ṣe bíà nílé ni. Bí ó ṣe ń ṣàlàyé bí àpótí náà ṣe ń ṣiṣẹ́, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n fún láya tuntun. Ẹ máa fún un ní nọ́ńbà ooru tí ẹ fẹ́, ogún fún àpẹẹrẹ. Tí inú fíríìjì bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, àpótí náà á tan fíríìjì. Tó bá tutù jù, á tan gílóòbù kan tó wà nínú rẹ̀. Kò ní sùn, kò ní rẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún Ọlátúbọ̀sún, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ilé oúnjẹ àti ọtí ní Kirkissoye, lódìkejì odò.

"Ṣe díẹ̀ wá ká tọ́ ọ wò," ló wí. "Bíà ilé iṣẹ́ ti sú àwọn oníbàárà mi. Ọwọ́ ẹ ò lè ṣe é tì."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló mú mi. Ẹni tó bá ti sọ pé ọwọ́ mi ò lè ṣe nǹkan tì ti rí mi mú.

Mo gbé fíríìjì náà wọlé, mo fi aṣọ bò ó. Ọmọ́táyọ̀ dúró, ó ń wò mí.

"Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá Àlàájà sọ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Wọn ò ní mọ̀."

"Mi ò bi yín bóyá wọ́n máa mọ̀," ló wí, ó sì gbé ọmọ jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan péré náà dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ọlátúbọ̀sún mu ún, ó dijú, ó ní kí n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Iná mànàmáná lọ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, ooru pa ìdajì rẹ̀. Mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ máa rí nọ́ńbà àpótí yẹn níbikíbi tí mo bá wà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àpótí náà ò mọ wáífáì. Wáyà nìkan ló mọ̀. Ihò wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù sì wà ní pálọ̀ Àlàájà. Wọ́n ti fún wa láyè láti lo wáífáì wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí a ti kó dé. Mo wá ra wáyà gígùn, mo fà á láti ojú fèrèsé wa, mo mú un gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń so àgbò mọ́, mo tì í wọ pálọ̀ wọn.

Ọjọ́ kejì ni Àlàájà dúró sójú wáyà náà.

"Fọlárìn, kí ni wáyà yìí ń gbé lọ gbé bọ̀?"

Oúnjẹ wà lẹ́nu mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bá ẹnì kan tó ń sin adìẹ ní Bobiel tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n fi ń pa ẹyin láìsí adìẹ. Kí ọpọlọ mi tó dé, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀.

"Ẹyin ni, mà. Ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba ni mò ń ṣe. Òun ló ń ṣọ́ ooru ẹyin."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Àṣé Àlàájà fẹ́ràn awó ju bí mo ṣe mọ̀ lọ. Àìsàn ti pa gbogbo awó wọn lọ́dún tó kọjá, wọn ò sì rí adìẹ tó máa sàba ẹyin tuntun fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní Ọlọ́run ló rán mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tọ̀yìbátù gbé agbọ̀n kan wá. Ọmọ ọmọ wọn ni, ó ń lọ sílé ìwé girama. Niamey ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Tọ́ńtọ́n ló ń pè mí, bí àwọn Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá, ó sì ń pe ìyá àgbà rẹ̀ ní Màmí.

"Tọ́ńtọ́n, Màmí ní kí n gbé ẹyin wá. Ọgbọ̀n ni. Ó ní kí ẹ má jẹ́ kó fọ́."

Ọgbọ̀n ẹyin awó, lórí òwú. Mo gba agbọ̀n náà, mo dúpẹ́, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Mo lè ṣe ẹ̀rọ náà lóòótọ́. Páálí kan, gílóòbù kan, abọ́ omi kan, kí n sì máa yí ẹyin náà láàárọ̀ lálẹ́. Wákàtí kan péré ni, fún ẹni tó mọ iṣẹ́ bíi tèmi. Mo sọ pé tó bá di ọ̀la. Tó bá di ọ̀la, mo tún ní ọ̀la. Bíà ló gba ọkàn mi.

Àlàájà ò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìbéèrè. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní, "Àwọn ọmọ wa ńkọ́?" Màá ní wọ́n wà dáadáa. Ọmọ́táyọ̀ kì í dúró gbọ́ ìdáhùn náà. Á ti wọlé.

Nígbà tó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àlàájà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ wáyà náà. Wọn ò bínú.

"Bá mi yọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú," ni wọ́n wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni àsàlátù kàn. Àwọn àgbàlagbà ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣubú."

Mo lọ sí ọjà, mo ra nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba wáífáì láti inú afẹ́fẹ́, kó sì fi wáyà kúkúrú gbé e fún ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju wáyà lọ. Mo kọ́kọ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo sọ orúkọ wáífáì ilé fún un, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí Tọ̀yìbátù kà fún mi. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ ẹ̀yìn àpótí dúdú. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, òógùn bò mí. Ògiri ló ń dí i. Nígbà tí mo gbé e sójú fèrèsé, iná kékeré ara rẹ̀ tàn, nọ́ńbà sì jáde lójú fóònù mi: ogún. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Tọ̀yìbátù wà lójú fèrèsé, ó ń wò mí.

"Tọ́ńtọ́n, èmi náà ti rí i," ló wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi. "Wìfì kan náà ni. Mo kàn tẹ ohun tí ẹ tẹ̀. Ṣé mo lè fi sí fóònù Màmí, kó máa rí ẹyin ẹ̀?"

Nígbà tí àpótí náà wà lórí wáyà, kò sí ẹni tó wò ó yàtọ̀ sí mi. Àmọ́ gbogbo ẹni tó wà lórí wáífáì ilé lè rí i. Wọ́n lè yí nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àpótí náà ò ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ pé ó dé tí ẹlẹ́yin ò fi ní rí ẹyin rẹ̀? Mo sì rò ó nínú ara mi pé, nọ́ńbà lásán ni, kí ni ìyá àgbà fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?

"Fi síbẹ̀," ni mo wí.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì sọ. Ọjọ́ Ajé ni Ọlátúbọ̀sún fẹ́ gba ọjà rẹ̀, ó sì ń fòòró ẹ̀mí mi. Nítorí náà mo ti rọ bíà tó wà nínú fíríìjì sínú ìgò ní Ọjọ́bọ̀, kó tó hó tán. Ìgò ogójì, mo dé gbogbo wọn pa, mo tò wọ́n padà sínú fíríìjì. Bíà tí kò tíì hó tán, tí wọ́n dé mọ́ ìgò, òtútù nìkan ni kì í jẹ́ kó yára hó. Tí ooru bá mú un, ìgò ni yóò fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lódìkejì odò, Àlàájà ń to àga sínú ọgbà pẹ̀lú Tọ̀yìbátù. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọjọ́ mélòó ló kù, Fọlárìn?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ, mà."

"Ẹ bá wa gbàdúrà níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ o."

Ìwàásù ti wọra nígbà tí fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Mo yọ ọ́ lábẹ́ ìwé orin. Àpótí náà ló ń ké. Inú fíríìjì ti di mẹ́rìnlélógún, nọ́ńbà tí wọ́n sì pàṣẹ fún un ni méjìdínlógójì.

Mo rò pé ó ti ya wèrè. Mo yí i sí ogún. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ó ti padà sí méjìdínlógójì. Mo tún yí i wálẹ̀. Ó tún gòkè. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń bá mi jà lórí nọ́ńbà yìí.

Ọmọ́táyọ̀ yọjú sí fóònù náà, ó wo ojú mi, ó kọjú síwájú.

Mo jáde lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, mo pe Tọ̀yìbátù.

"Ta ló ń fọwọ́ kan nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn?"

"Àwa ni, Tọ́ńtọ́n." Inú rẹ̀ dùn. "Màmí wo fóònù, ó ní ogún kéré fún ẹyin. Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní méjìdínlógójì ni. Mo wá fi síbẹ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀, mo sì ń gbé e padà."

"Dá a padà sí ogún. Kíákíá."

"Kí ló dé? Ẹ dúró, Màmí fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn Àlàájà dé, ó rọ̀, ó kún fún àníyàn.

"Fọlárìn, ó ti tó ọjọ́ mélòó tí òtútù ti ń mú ẹyin wọ̀nyí?"

"Mà?"

"Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni mo fi ń ta aṣọ. Tọ̀yìbátù ní ogún ni òtútù tó máa ń wà nínú báǹkì. Láti kékeré ni mo ti ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ibẹ̀ kì í tutù, ọmọ mi. Ó máa ń gbóná ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn lórí fóònù. Àwọn àlejò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Ká ní mo sọ pé, "Ẹ dárí jì mí, mà, kì í ṣe ẹyin ló wà níbẹ̀," ilé nìkan ni ǹ bá pàdánù.

"Ẹ̀rọ náà ló ń ṣìṣe, mà," ni mo wí. "Nọ́ńbà tó ń gbé jáde kì í ṣe òótọ́."

"Tó bá ń ṣìṣe, jẹ́ kí n ṣí yàrá yín kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ má ṣílẹ̀kùn, mà. Tí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n báyìí, gbogbo wọn á kú."

Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń kí ara wọn lẹ́yìn wọn.

"Kò burú. Mi ò ní ṣí i. Jẹ́ kó wà ní méjìdínlógójì nígbà náà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Èmi tí mo mọ ohun tí méjìdínlógójì máa fi ogójì ìgò ṣe, èmi náà ni mo dáhùn pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà."

"Má fọwọ́ kàn án mọ́ o."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo sáré dé títì, mo gun kabu-kabu, ọ̀kadà tó ń gbé èrò. Mo ní kí ó gbé mi lọ sí Lazaret, kó má ṣe dúró níbì kankan. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá yí nọ́ńbà yẹn wálẹ̀, Àlàájà á rí i, wọ́n á ṣílẹ̀kùn láti gba ẹyin wọn là. Tí mo bá fi í sílẹ̀, ìgò á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí n dé kó tó fọ́, kí n pa gbogbo rẹ̀, kí n sì tún purọ́ mìíràn.

Nígbà tí a dé orí afárá Kennedy, ó ti di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Agbo màlúù kan ń kọjá lọ níwájú, ọkọ̀ tò lẹ́yìn wọn. Oòrùn oṣù kẹrin ń jó mi lórí. Mò ń lu èjìká ọlọ́kadà náà.

"Kala suuru," ló wí ní Zarma, ó ní kí n ní sùúrù. Ó tilẹ̀ pa iná alùpùpù rẹ̀ kó má jẹ epo lásán.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Mo gbàdúrà lórí afárá yẹn. Mi ò gbàdúrà kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní kí iná lọ ní Lazaret. Ọjọ́ gbogbo ni iná máa ń lọ, tí a ó máa bú u. Ọjọ́ yẹn, kò lọ.

Nígbà tí màlúù tán lójú ọ̀nà, a tún gbéra. Ó di mẹ́rìndínlógójì nígbà tó ku ìwọ̀nba títì díẹ̀. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà náà parẹ́. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, ó kàn parẹ́ lójú fóònù. Mo mọ̀ pé ìgò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, wáyà àpótí náà sì ti já.

Ariwo kankan ò sí nínú ọgbà nígbà tí mo wọlé. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Bí obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó nínú aṣọ funfun, wọ́n ti dá àdúrà dúró, gbogbo ojú wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Fóòmù funfun ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wa, ó ti dé ibi ẹní tí wọ́n tẹ́. Ẹni tí kò bá ti ní imú nìkan ni kò ní mọ òórùn rẹ̀.

Àlàájà Hàfísátù dúró, ẹ̀yìn wọn gún mọ́ ilẹ̀kùn náà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ wọn. Fóòmù ti bo bàtà wọn. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti rí ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti tì í padà. Wọ́n wò mí. Mi ò rí irú ojú yẹn rí lára ẹni tó fẹ́ràn mi.

Ìró mìíràn bú nínú yàrá, gbàù. Ìyá kan pariwo díẹ̀.

Àlàájà Màríámọ̀, olórí ẹgbẹ́ wọn, dìde. Òun gan-an ló kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbà wá.

"Hàfísátù, kí ló ń bú gbàù bẹ́ẹ̀? Òórùn yìí ń jọ ọtí nímú mi."

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́.

"Ẹyin ni," ni Àlàájà Hàfísátù wí.

"Ẹyin?"

"Ẹyin awó tí mo ní kó fi ẹ̀rọ bá mi sàba. Èmi ni mo gbé ooru rẹ̀ sókè, mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ti bàjẹ́, wọ́n ń bú."

"Ẹyin ló ń hó bí ọṣẹ báyìí?"

"Ẹyin ni, Màríámọ̀. Àbí mo purọ́ fún ọ rí?"

Àlàájà Màríámọ̀ wo tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ Àlàájà Hàfísátù, ó sì mirí. Rárá, wọn ò purọ́ fún un rí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, Àlàájà Hàfísátù fúnra wọn tún wọlé, wọ́n fa agbọ̀n náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e lọ sídìí ààtàn níwájú gbogbo àwọn obìnrin náà. Wọ́n ń kó ẹyin náà dà nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí i. Ọmọ awó kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ti ní ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká jọ sábẹ́ ikùn, ó ti kú. Ooru yàrá wa nìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àlàájà sàba wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ká ní mo yí wọn lásán, ká ní mo fi gílóòbù kan tì wọ́n lẹ́yìn, wọn ì bá yè.

Àlàájà náà rí i. Wọ́n pa ọwọ́ dé lórí rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kẹ́dùn. "Pẹ̀lẹ́ o, Hàfísátù. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Àlàájà Màríámọ̀ wá bá èmi náà, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Má jẹ́ kó dùn ọ́ jù, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yọrí. Mo ti sọ̀rọ̀ yín láìdáa rí, ẹ forí jì mí." Mo ní, "Àmín, mà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Wọ́n parí àdúrà wọn, wọ́n lọ. Ọmọ́táyọ̀ dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó wo fóòmù nílẹ̀. Ó wọlé lọ, mo sì gbọ́ tó ń fa àpò tí a fi ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àlàájà jókòó sórí ọ̀kan lára àwọn àga náà. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin, mi ò rántí pé ìdọ̀bálẹ̀ ló yẹ mí.

"Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti Mẹ́kà dé," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Mò ń ta aṣọ, mi ò purọ́ lórí aṣọ. Lónìí mo purọ́ fún àwọn tí a jọ ń pe orúkọ Ọlọ́run, níbi tí a ti ń pè é. Mò ń bi ara mi bóyá ìwọ ni mo tìtorí rẹ̀ purọ́, kí wọ́n má bàa lé ọ ní àdúgbò, àbí ìtìjú tèmi, torí èmi ni mo dúró fún ọ. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ yẹn ló ń dùn mí."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ẹ kó lọ."

Wọn ò gbé ohùn sókè. Bí wọ́n bá nà mí ni, ara ì bá tù mí.

Bobiel ni a wà báyìí, yàrá kan. Mo ta fíríìjì yẹn àti àpótí dúdú náà fún ẹni tó ń wá wọn. Ọlátúbọ̀sún ní kí a tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, mi ò gbà. Ọmọ́táyọ̀ ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ fún un pé mò ń lọ síbì kan, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó ní ó dàbọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo pàdé Tọ̀yìbátù lójú ọ̀nà. Ó sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àsàlátù dá ẹyin jọ fún Àlàájà, olúkúlùkù mú méjì, mẹ́ta wá láti ilé rẹ̀. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹyin awó kan tó kún wá síwájú wọn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣàdúrà lé e lórí.

"Màmí gbà á, ó dúpẹ́," ni Tọ̀yìbátù wí. "Ó ń sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni."

"Ṣé wọ́n ti wá adìẹ tó máa sàba wọn?"

"Rárá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kò sì jẹ ẹ́."

Mo ti rò ó títí pé kí n lọ bá Àlàájà Màríámọ̀, kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sì yí padà. Tí mo bá jẹ́wọ́, ọkàn èmi á fúyẹ́, ṣùgbọ́n Àlàájà Hàfísátù ló máa di òpùrọ́ lójú gbogbo wọn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá rí ni mò ń sọ ọ́ fún. Tí ẹ bá ti purọ́ fún ẹni tó dúró fún yín, ẹ tètè lọ sọ òótọ́ fún un nígbà tí irọ́ náà ṣì jẹ́ tiyín nìkan. Tèmi ti di tìyá arúgbó kan ní Lazaret, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn.